Bí A Ṣe Yan Kọ̀ǹpútà Kékeré fún Tẹlifíṣọ̀n Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ní tẹlifíṣọ̀n 4K ńlá kan tí àwòrán rẹ̀ ṣì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n tí sọ́fítíwíà inú rẹ̀ ti darúgbó. YouTube ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, fíìmù tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù náà ṣì ń ṣí. Dísìkì tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò gbà mọ́. Fídíò kan á jáde láìsí ohùn, òmíràn á ní òun kò mọ irú fáìlì yìí, ìgbà míì ẹ̀wẹ̀ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kò ní hàn. Bẹ́ẹ̀ inú dísìkì yẹn ni ohun tí ilé náà ń wò gan-an wà: fíìmù tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́, DVD àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di fáìlì, àti fídíò àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá kòrò. Màmá wa ń gbé lọ́dọ̀ wọn, fídíò àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sì ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá sọ fún mi pé, “Àbúrò, bá mi wá kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò máa gbé fídíò jáde. Kó má wọ́n. Kó má pariwo. Kí Màmá sì lè lò ó láì pe ẹnikẹ́ni.” Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí pé ohun kẹta yẹn ló fẹ́ ìrònú jù. Raspberry Pi 4, irú kọ̀ǹpútà kékeré bẹ́ẹ̀ kan, ni wọ́n ti ní lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní in, ó sì ń yìn ín fún wọn.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé dísìkì náà wá ná.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá irú ẹ̀rọ yìí, bí CPU rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ṣe yára tó àti bí mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni wọ́n máa ń béèrè. Fún ẹ̀rọ tí a fẹ́ máa fi wo fídíò, ìyẹn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Àwòrán 4K kan ní píksẹ́lì (àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, gbogbo rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 60 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a kò sì fún wọn pọ̀ rárá, ohun tí yóò máa ṣàn kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù bíìtì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Dísìkì alágbèéká tí ọ̀pọ̀ ń lò nílé kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde yóò sì máa tú u padà bí ó ti ń lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fún un pọ̀ ni codec, oríṣiríṣi ló sì wà. H.264 jáde ní ọdún 2003, HEVC àti VP9 ní 2013, AV1 ní 2018. Bí wọ́n ti ń dé ni fáìlì ń kéré sí i, tí iṣẹ́ títú rẹ̀ sì ń le sí i.

Nínú ṣíìpù òde òní, apá kan wà tó jẹ́ pé títú fídíò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Iná díẹ̀ ló ń jẹ, kì í sì í mú ẹ̀rọ gbóná. Ṣùgbọ́n codec tí àwọn tó ṣe ṣíìpù náà ti fi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Bí a bá ti rà á, kò sí sọ́fítíwíà tó lè kọ́ ọ ní òmíràn. Tí fáìlì kan bá dé pẹ̀lú codec tí apá yìí kò mọ̀, CPU ni yóò fi agbára tú u. Fún fídíò kékeré, èyí kò ní wàhálà. Fún 4K lórí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwòrán, ohùn àti ẹnu kò sì ní bára mu mọ́.

Raspberry Pi àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí tó dára jù tí mo mọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2012 pẹ̀lú CPU 700 MHz kan ṣoṣo àti mẹ́mọ́rì 256 MB. Ó lọ́ra débi pé ṣíṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ fẹ́ sùúrù. Síbẹ̀ ó ń gbé fíìmù 1080p (píksẹ́lì 1920 ní ìbú, 1080 ní òró) jáde láìkọsẹ̀, nítorí pé apá tó ń tú H.264 wà nínú ṣíìpù rẹ̀. Nígbà kan náà, DVD lásán, tó kéré jìnnà sí 1080p, kò lè jáde dáadáa lórí rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti apá tó ń tú MPEG-2, codec DVD, pa nínú ṣíìpù náà, àyàfi tí èèyàn bá ra kọ́kọ́rọ́ àṣẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Agbára CPU kò yí padà láàárín fáìlì méjèèjì. Ohun tí ṣíìpù náà gbà láti tú ló yàtọ̀.

Fún ìdí yìí, dísìkì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MediaInfo. Bí o bá ju fáìlì sí i, yóò sọ codec rẹ̀, ìwọ̀n àwòrán rẹ̀, bóyá 8-bit ni tàbí 10-bit (èyí tó ń sọ bí àwọ̀ tó lè gbé ṣe pọ̀ tó), àti iye bíìtì tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ní VLC, sọ́fítíwíà tí a fi ń wo fídíò, náà lè rí ohun tó pọ̀ nínú èyí bó bá tẹ Ctrl àti J pa pọ̀ nígbà tí fídíò bá ń lọ. Mo mú fódà kọ̀ọ̀kan, mo sì wo díẹ̀díẹ̀ nínú wọn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù wọn jẹ́ H.264, 1080p. Ìyẹn kò ní dẹ́rù ba ẹ̀rọ kankan tí à ń rà lónìí. DVD wọn jẹ́ MPEG-2, ó kéré, CPU ẹ̀rọ èyíkéyìí tí à ń rà lónìí á tú u. Fíìmù 4K bíi mélòó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ HEVC 10-bit. Mo rí VP9 àti AV1 díẹ̀ tí àwọn ọmọ ti fi ọwọ́ ara wọn kó wá. Títí dé ibí yìí, Pi 4 ṣì ń bọ̀ wá bá wa wálé.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fódà àwọn ọmọ. Gbogbo ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti fi fóònù rẹ̀ yà, láti ìgbà tó ti yí kámẹ́rà rẹ̀ sí 4K, H.264 ni. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ló ń fi H.264 tọ́jú fídíò bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, nítorí pé òun ni gbogbo ẹ̀rọ mọ̀. Èèyàn á wò ó pé tí gbogbo ẹ̀rọ bá mọ̀ ọ́n, ìṣòro wo ló tún wà? Ìṣòro náà ni pé mímọ codec nìkan kò tó. Apá tó ń tú fídíò ní òdiwọ̀n tó dúró sí, codec kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Pi 4, tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, lè tú HEVC títí dé 4K, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n 1080p ni H.264 rẹ̀ dúró sí. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, CPU ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ẹ̀gbọ́n láti gbà, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí, HEVC ló tuntun, òun ló yẹ kó le. Báwo ni ẹ̀rọ tó ń gbé e bí ẹni ń ṣeré yóò ṣe kọsẹ̀ lórí H.264 tó ti wà láti ọdún 2003? Mo ní ká má fi ẹnu jà á. A bẹ ọ̀rẹ́ wọn kó yá wa ní Pi 4 rẹ̀. A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, a kì dísìkì bọ̀ ọ́. Fíìmù 1080p jáde dáadáa. HEVC 4K jáde, ó ń lọ geere. DVD kò ní wàhálà. A wá ṣí fídíò tí ọmọ kejì ti ń kọ́ bí a ṣe ń rìn. Ohùn ọmọ náà ń lọ, àwòrán ń dúró, ó ń fò, ó tún ń dúró. A fọwọ́ kan àpótí Pi náà, ó ti gbóná. Màmá jókòó níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?” Kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ tí wọn kò dá a fún ni a gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní kí ló dé tí a kò kúkú yí àwọn fídíò náà padà sí HEVC, ká sì ra Pi 4 náà. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ HandBrake lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tí a bá tú fídíò tí a sì tún un fún pọ̀, ohun kan ń sọnù nínú àwòrán rẹ̀ tí kò ní padà mọ́. Èyí kì í sì í ṣe fíìmù tí a lè tún rà. Ọmọ náà kò ní kọ́ ìrìn lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá yí wọn padà, a ṣì gbọ́dọ̀ tọ́jú ojúlówó wọn, dísìkì á kún, ìyàwó ẹ̀gbọ́n á sì tún ya òmíràn lọ́la. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi hàn án níbi tó ti lè yí fóònù rẹ̀ sí HEVC láti ìsinsìnyí lọ. Ìyẹn yóò dín àyè tí fídíò ń gbà kù. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ló yẹ kó bá a mu.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹ̀rọ yòókù.

Èyí tó pọ̀ jù lójú ọjà, tó sì wọ́n kéré jù, ni àwọn àpótí Android tí kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n á kọ 8K sára páálí rẹ̀. N kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ rárá. Ní ọdún 2023, àwọn olùṣèwádìí ààbò kọ̀ǹpútà fi hàn pé irú àwọn àpótí bẹ́ẹ̀ ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú sọ́fítíwíà olè nínú wọn. BADBOX ni wọ́n sọ iṣẹ́ ibi náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa BADBOX 2.0, pé àwọn ọ̀daràn ń gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì ilé àwọn tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn. Ohun tí èèyàn so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ wà pẹ̀lú fóònù àti kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe iṣẹ́ báǹkì. Owó tí a fi pamọ́ níbẹ̀ kò tó ewu rẹ̀. Àpótí Android tó ní ìwé ẹ̀rí Google yàtọ̀ sí èyí o, ó sì dára fún ẹni tó jẹ́ pé fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wò. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ilé yìí ń wá, tẹlifíṣọ̀n wọn ṣì ń ṣe é.

Raspberry Pi 5 ni ẹ̀gbọ́n tún dárúkọ. Ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, CPU rẹ̀ sì lágbára ju ti Pi 4 lọ lọ́nà tó ju ìlọ́po méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé wọ́n ti yọ apá tó ń tú H.264 kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. HEVC nìkan ló kù. Àwọn tó ṣe é gbà pé CPU rẹ̀ yóò máa tú H.264, òótọ́ sì ni fún 1080p. Fún 4K ti fóònù, gbogbo ẹrù náà yóò wà lórí CPU, n kò sì fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa sá gbogbo agbára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí Màmá bá fẹ́ wo ọmọ-ọmọ wọn. Ohun mìíràn tún wà. Owó Pi tí wọ́n ń kọ sójú ọjà, ti pákó inú rẹ̀ nìkan ni. Ṣájà 5V tó lè fúnni ní 5A wà lọ́tọ̀, fáànù rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àpótí, káàdì microSD, àti wáyà micro HDMI, nítorí pé ihò rẹ̀ kì í ṣe ti HDMI tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ yóò rí i pé ó ti ń sún mọ́ iye owó kọ̀ǹpútà kékeré tó pé pérépéré nínú àpótí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi, kí a sọ òótọ́. Dell OptiPlex Micro, Lenovo ThinkCentre Tiny, HP EliteDesk Mini: wọ́n lágbára, wọ́n ṣe wọ́n láti pẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì máa ń tà wọ́n dànù nígbà tí wọ́n ṣì dára. Ẹnì kan fi ọ̀kan lọ̀ wá, i5-6500T. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kí èèyàn kà dáadáa. Mẹ́fà tó wà lẹ́yìn i5 ń sọ pé ìran kẹfà Intel ni. Ìran kẹfà ń tú H.264 4K, ó ń tú HEVC 8-bit, ṣùgbọ́n kò ní apá tó pé fún HEVC 10-bit, èyí tí fíìmù 4K wọn jẹ́. Ìran keje ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú VP9. AV1 kò sì wọ inú ṣíìpù Intel títí di ìran kọkànlá. Lẹ́yìn èyí, ihò HDMI irú ẹ̀rọ ọjọ́ yẹn sábà máa ń jẹ́ 1.4, tí kò lè gbé 4K kọjá àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá fẹ́ 60 yóò gba ihò DisplayPort, yóò sì wá ẹ̀rọ kékeré tí yóò yí i padà sí HDMI 2.0. Ká ní ìran keje tàbí ìkẹjọ ni wọ́n fi lọ̀ wá ni, ó ṣeé ṣe kí n dúró síbẹ̀. A kò rí i lásìkò náà.

Èyí tó kù ni kọ̀ǹpútà kékeré tuntun tó ń lo Intel N100. Ṣíìpù yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Orí mẹ́rin ni CPU rẹ̀ ní, ìwọ̀n agbára tí Intel kọ fún un jẹ́ wáàtì 6. Ẹni tó bá fi ojú kọ̀ǹpútà iṣẹ́ wò ó yóò sọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n apá tó ń tú fídíò nínú rẹ̀ gba H.264 ní 4K, ó gba HEVC 10-bit, ó gba VP9, ó gba AV1. Gbogbo ohun tí MediaInfo fi hàn wá nínú dísìkì yẹn ló wà nínú ohun tó mọ̀. Kò sí èkejì nínú àwọn tí a wò tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní irú iye owó náà. Iná tó ń jẹ fi díẹ̀ ju ti Pi lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú rẹ̀ ń jẹ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀, nítorí náà n kò rò pé ó yẹ kí ìyẹn dá wa dúró.

Mẹ́mọ́rì 8 GB ni a mú. Ẹni tó ń tà á fẹ́ kí a mú 16, ó ní yóò yára sí i. Fún fídíò, 8 ti pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Ohun tí mo tẹnu mọ́ ni kí ìwé rẹ̀ sọ kedere pé HDMI rẹ̀ ń gbé 4K ní 60, kí ihò wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ gígábíìtì, kí a sì lè ṣètò rẹ̀ kó máa tan fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ tó sì padà dé. Mo tún ní kí wọ́n tan án fún wa kí a gbọ́ ohùn fáànù rẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́. Fáànù kékeré tó ń súfèé lè ba fíìmù jẹ́ ju àwòrán tí kò mọ́ lọ. Àwọn tí kò ní fáànù wà, wọ́n sì dára níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń gba ara wọn. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi há jù.

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí. Rìmóòtù ṣì ń bẹ.

Ohun kan wà tí Pi fi lù ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré yòókù bolẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń tà wọ́n gbọ́. HDMI-CEC ni. Inú wáyà HDMI kan náà tó ń gbé àwòrán ni tẹlifíṣọ̀n ti lè fi iṣẹ́ rán ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn, débi pé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n nìkan ni èèyàn nílò. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ń pè é ní Bravia Sync. Ohun kan náà ni. Pi ní in láti ọjọ́ tó ti jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo Intel kò ní in. Nígbà tí a dán Pi ọ̀rẹ́ wọn wò, Màmá fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti mọ̀ rìn láti fódà kan sí òmíràn, kò sí ẹni tó kọ́ wọn. N kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn nítorí codec.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Fóònù lè di rìmóòtù. Kore ni orúkọ èyí tí àwọn tó ṣe Kodi, sọ́fítíwíà tí a fẹ́ fi máa wo fídíò lórí ẹ̀rọ náà, fúnra wọn ṣe fún Android. Ó dùn mọ́ àwọn ọmọ, kò bá Màmá mu. Rìmóòtù kékeré tó ń wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a ń kì bọ USB náà wà, kò wọ́n rárá, ṣùgbọ́n yóò di rìmóòtù kejì lórí tábìlì, ọjọ́ tí ó bá sọnù sínú àga ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àpótí kékeré tí Pulse-Eight ń ṣe, tí a ń fi sáàárín kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń gba iṣẹ́ CEC láti inú HDMI tó sì ń fi í lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ láti ojú USB. Òun ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n lọ́ra díẹ̀. Mo sọ fún wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí Màmá lè lò ó láì pe ẹnikẹ́ni. Ibi tí owó yẹn wà nìyí.” Wọ́n rà á.

Àti ìgbà náà ni mo ti máa ń ka owó CEC mọ́ owó kọ̀ǹpútà kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi N100 wé Pi láìfi í kún un, kò tíì ṣe ìṣirò tó tọ́.

Sọ́fítíwíà kò gba àkókò púpọ̀. Windows tó bá a wá, a yọ ọ́ kúrò, a fi LibreELEC sí i. Linux kékeré ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tan kó sì ṣí Kodi lọ. Kò sí ẹni tí yóò bi Màmá bóyá wọ́n fẹ́ ṣe àtúnṣe tàbí kí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn. Kodi fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́. Orí Xbox àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ XBMC, ó sì gba orúkọ tuntun ní 2014. Fún ẹni tó ní dísìkì tó kún fún fáìlì, n kò tíì rí ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Ohun kan wà nínú ètò Kodi tí mo máa ń yí kí n tó ṣe ohunkóhun, ó sì dùn mí pé kì í wà ní títàn látilẹ̀. Fíìmù sábà máa ń ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n ń yí àwòrán rẹ̀ padà ní ìgbà 60. Mẹ́rìnlélógún kò pín ọgọ́ta dọ́gba, nítorí náà àwòrán kan á dúró fún ìgbà mẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e fún ìgbà méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí fíìmù á fi parí. Bí kámẹ́rà bá ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, ojú á rí i pé àwòrán ń tagbọ̀n, ọ̀pọ̀ á sì rò pé ẹ̀rọ ni kò lágbára. Kodi lè sọ fún tẹlifíṣọ̀n kó yí ara rẹ̀ sí ìwọ̀n fíìmù náà nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, kó sì padà sípò nígbà tó bá parí. A tan ìyẹn. A fi ojú Kodi sí 1080p kí rírìn láàárín fódà lè yára, a sì gbà á láyè kó gòkè sí 4K fún fídíò tó bá jẹ́ 4K.

Ìdánwò tó kẹ́yìn kò ju bọ́tìnì kan lọ. Bí fídíò bá ń lọ nínú Kodi, tí a bá so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn tí a sì tẹ O, yóò kọ sójú tẹlifíṣọ̀n ohun tó ń tú fídíò náà. Bí HW bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá inú ṣíìpù ló ń ṣe é. Bí kò bá sí, CPU ni. A mú fáìlì kan láti inú irú kọ̀ọ̀kan tó wà nínú dísìkì náà, a sì wo ohun tó kọ. HEVC 10-bit, HW. AV1, HW. A ṣí fídíò ọmọ tó ń kọ́ ìrìn: H.264, 4K, HW, CPU kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Àwòrán náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Màmá ní ká tún un gbé padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn máa ń fi 4K wọn pamọ́ fún ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn ti fọwọ́ sí, Linux lórí kọ̀ǹpútà kékeré kò sì sí lára wọn. Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò bá lè ṣe ìyẹn mọ́ nílò ẹ̀rọ méjì, tàbí kó ra àpótí tó ní ìwé ẹ̀rí, kó sì fara mọ́ ohun tí yóò pàdánù níbi dísìkì.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n gba Pi 4 rẹ̀ padà, ó ṣì ń lò ó, mo sì sọ fún un pé kó má yí i padà. Mo yẹ dísìkì tirẹ̀ náà wò: fíìmù 1080p àti HEVC ló kún inú rẹ̀, kò sí 4K H.264 kankan. Ẹ̀rọ rẹ̀ bá ohun tó ń wò mu. Ní ti ilé ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń béèrè nípa tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní yàrá àwọn ọmọ. N100 yẹn lágbára láti máa tú fídíò kó sì máa fún un pọ̀ ní irú tí tẹlifíṣọ̀n kejì lè gbà, bí a bá fi Jellyfin, sọ́fítíwíà tó ń pín fídíò fún ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé, sórí rẹ̀, nítorí náà a kò ní ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni a ó kọ́kọ́ fà dé ibẹ̀, torí Wi-Fi yàrá náà kò lágbára tó fún 4K.